Ewé Ló Máa Ń Kọ́kọ́ Yọ

Ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú tán ni. Ilé-iṣẹ́ tó wà á ti di kòtò náà pa, wọ́n ti fọ́n irúgbìn sí i, ó wá ku kí ayẹ̀lẹ̀wò wò ó bóyá ewéko ti padà síbẹ̀. Ayẹ̀lẹ̀wò dé láàárọ̀, ó gbé férémù onígi kan kọ́ èjìká. Ẹ̀ṣọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ẹ̀rín rẹ̀ sì ti pọ̀ jù fún àárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáámú! Ilẹ̀ ti hù o! Ẹ kàn padà, ẹ lọ sọ fún wọn pé ó ti hù."

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀ṣọ́. Mi ò tíì wọlé."

"Ẹ ti rí i láti ìta náà. Oòrùn ń bọ̀, ara yín ṣe pàtàkì."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ṣí i, ó ń wo férémù náà tìfura-tìfura.

"Fèrèsé lẹ fẹ́ gbé sílẹ̀ yìí ni?"

"Màá jù ú sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ níbi tó balẹ̀ sí ni màá yẹ̀ wò."

"Láìwẹ̀yìn? Ojú yín tó dára báyìí?"

"Ojú yẹn gan-an ni mi ò fọkàn tán. Ibi tó dáa nìkan ló máa ń fẹ́ wò."

"Ẹ jẹ́ kó wò ó! Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn. Mo tiẹ̀ ti gbá ibẹ̀ dè yín."

Ayẹ̀lẹ̀wò kọ̀yìn sí i, ó ju férémù. Àfi gbàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.

"Góòlù!" Ẹ̀ṣọ́ fò sókè.

Igi kéékèèké dúró nínú férémù lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ayẹ̀lẹ̀wò lóṣòó tì wọ́n.

"Kí ló dé tí orí wọn fi tẹ̀ báyìí?"

"Ojú ń tì wọ́n ni. Wọn ò rí àlejò rí."

Ó fa ọ̀kan. Igi náà bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, ojú àdá ṣì tutù nídìí rẹ̀.

"Gbòǹgbò rẹ̀ dà?"

"Ó ń bọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ewé ló máa ń kọ́kọ́ yọ."

"Ẹ̀ṣọ́!"

"Gbòǹgbò a wá tẹ̀ lé e."

Ayẹ̀lẹ̀wò mí kanlẹ̀, ó tún férémù jù. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ilẹ̀ gbalasa dúdú ló balẹ̀ sí. Ẹ̀ṣọ́ sáré ṣíwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Kí ayẹ̀lẹ̀wò tó débẹ̀, òdòdó pupa kan ti dúró sáàárín férémù.

"Èyí ò sí níbí tẹ́lẹ̀."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni. Ilẹ̀ yìí lọ́ràá, Màdáámú, ẹ má fojú di í."

"Rọ́bà ni!"

"Irú tí kì í kú nìyẹn."

"Orí tábìlì ọ̀gá yín ni mo ti rí i lánàá!"

"Hẹn-ẹn. Atẹ́gùn ló gbé irúgbìn rẹ̀ wá."

"Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ta ló ń bá yín sọ ti ogún ọdún? Kí ẹ ṣáà parí iṣẹ́ yín lónìí ni mo ń wá."

Ó ṣe ayẹ̀lẹ̀wò bí ẹ̀rín, àmọ́ ó lejú mọ́ ọn.

"Kí ló kàn yín ńbẹ̀ gan-an? Tílẹ̀ yìí bá yege, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tán nìyẹn."

Ẹ̀ṣọ́ jókòó sórí òkúta. Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀.

"Ilẹ̀ ìyá ìyàwó mi ni. Ọjọ́ tó bá yege ni wọ́n máa dá a padà fún wọn, wọ́n á sì kọ́lé wọn síbẹ̀. Títí dìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ wa nílé ẹ̀ṣọ́ yẹn ni wọ́n ń gbé. Yàrá kan, Màdáámú. Aṣọ títa ló là á sí méjì."

"Àna yín ni. Ẹ ní sùúrù."

"Tí mo bá sùn, wọ́n á ní mò ń hanrun. Tí mi ò bá sùn, wọ́n á ní kí ló wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sùn. Tí mo bá bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ. Ṣé ẹ ti bá àna gbé rí?"

"Ọ̀nà wọn jìn sí wa," ni ayẹ̀lẹ̀wò wí. Ó gbójú sókè. "Mo dúpẹ́."

"Ẹ ṣàánú mi."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o!"

Ó jù ú tagbáratagbára. Férémù fò kọjá orí ilé ẹ̀ṣọ́, ó balẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Àwọn méjèèjì sáré tẹ̀ lé e. Koríko tútù yọ̀yọ̀ ló kún inú rẹ̀, labalábá ń fò lórí rẹ̀. Ayẹ̀lẹ̀wò fa koríko, kò tu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó tu, òun náà sì fìdí lulẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò gígùn àti ekòló lọ́wọ́.

"Olúwa mi o! Ta ló ṣe ibí yìí?"

"Ìyá ìyàwó mi ni! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da eérú, háhá àgbàdo àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ síbẹ̀. Mo bá wọn jà tì. Ó yege, àbí?"

"Ó yege! Ìyókù ló fìdí rẹmi. Màá ní kí ilé-iṣẹ́ gba ìyá síṣẹ́ kíá. Kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ yín níbí, títí gbogbo ilẹ̀ yóò fi rí báyìí."

"Títí… gbogbo ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ kì í kánjú, Ẹ̀ṣọ́."

Ẹnìkan wúkọ́ lójú fèrèsé. Ẹ̀ṣọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko.

"Màdáámú, irọ́ ni! Rọ́bà ni gbogbo rẹ̀! Èmi ni mo rì í mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

Ayẹ̀lẹ̀wò na koríko ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Gbòǹgbò tó wà nídìí rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mo so ó mọ́ ọn!"