Ọwọ́ Tí Kò Kọjá Etí

Ẹ bá mi kí Àwòṣífìlà, ọ̀gá onídìrí, arìn-bí-ẹni-tí-fọ́tò-ń-dúró-dè. Dígí mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ló sì kọjú sí àga tirẹ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ rí irun orí ara rẹ̀, àfi kó na ọrùn.

Lọ́dún yìí, oyè ààrẹ ẹgbẹ́ onídìrí ló wọ̀ ọ́ lójú. Kì í ṣe iṣẹ́ ààrẹ ló wù ú o. Patákó ńlá kan wà ní oríta tí ẹgbẹ́ máa ń lẹ fọ́tò ààrẹ tuntun mọ́, láti orí dé ìgbáròkó, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àwòṣífìlà wo orí rẹ̀ nínú dígí, ó dára. Ó wo ìgbáròkó, kò burú. Ó wo àárín méjèèjì, ó mí kanlẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ tún òfin ìbò ṣe ná. "Ẹ jẹ́ ká fi kíkọ orúkọ sínú ìwé pélébé sílẹ̀," ló sọ nípàdé. "Ọ̀dàlẹ̀ ló ń fi ìwé bojú. Kí oníkálukú na ọwọ́ sókè, kí n mọ ẹni tó ń ṣe tèmi. Ọwọ́ tí kò bá sì kọjá etí, ẹ má kà á."

Wọ́n gbà fún un. Ọjọ́ kejì ló gba ilé ìwòsàn lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi nǹkan kún ọmú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fáráyé pé ibà ló dá òun dùbúlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń dirí ní ṣọ́ọ̀bù, nìkan ló mọ òótọ́.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni dókítà wí, "ẹ ò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kọjá èjìká."

"Dókítà fẹ́ràn àsọdùn," ni Àwòṣífìlà wí nígbà tí wọ́n délé.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Ẹ̀yìn ló fi ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ ọrùn, kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kọ́mú líle tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn kò kúrò lára rẹ̀ tọ̀sántòru. Àyà rẹ̀ wú, ó le, ó sún mọ́ àgbọ̀n. Tó bá wúkọ́, omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Tó bá sín, ó di ẹkún. Ibi tí kò gbọdọ̀ họ gan-an ló sì ń yún un. Ọ̀gá onídìrí kò lè ya irun ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a yà á, òun náà ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ kẹta la ṣì wà yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún ìbò náà síwájú."

"Kí ẹlòmíì wá gun orí patákó mi? Orí ẹ ò pé."

Ọjọ́ ìbò pé. Àwòṣífìlà wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù tó fún pinpin, gbogbo ojú sì tẹ̀ lé àyà rẹ̀ títí ó fi jókòó.

"Kí lẹ lò?" ni obìnrin kan bi í.

"Irin ni mò ń gbé láràárọ̀. Ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí àyà obìnrin rọ̀."

Àwọn ọlọ́mọ mẹ́rin, ọlọ́mọ márùn-ún rọra fa ìborùn bo àyà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ti ṣèlérí ìbò fún un.

Ẹni tí wọ́n jọ ń du oyè ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, onídìrí tí kì í fa orí èèyàn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fi bírò ka ọwọ́ tó gòkè fún un, tòun tìkára rẹ̀: méjìlá. Ó ka ti Àwòṣífìlà, méjìlá náà ni.

"Ẹ má tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni akọ̀wé wí. "Ó ku tiyín, màdáámù. Tiyín ló máa bá wa yanjú ẹ̀."

Àwòṣífìlà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ọwọ́ dé ìbàdí. Ó gbé e dé àyà. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ gbé e sí i."

"Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"A rí i. Kò tíì kọjá etí. Òfin yín ni."

Ni Àwòṣífìlà bá tẹ orí wálẹ̀, kí etí lè lọ bá ọwọ́ níbi tó wà.

"Ẹ gbé orí sókè, màdáámù."

Àánú ṣe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dìde. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Ó di apá náà mú, ó rọra gbé e.

"Yéè! Ojú abẹ mi! Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọjá èjìká!"

Akọ̀wé sọ bírò kalẹ̀.

"Abẹ kí ni?" ni akọ̀wé bèèrè.

"Abẹ... abẹ ibà."

"Irin tó ń gbé láràárọ̀ ni," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Ó ti wọ̀ ọ́ láyà."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Àwòṣífìlà fẹ́ sunkún, àyà rẹ̀ kò gbà fún un. Ọwọ́ àwọn tó pè lọ́lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́jọ, ó ku mẹ́ta. Ó wá ku ẹyọ kan, ti àbúrò rẹ̀, tó nà gbọọrọ.

Ojú ti Àwòṣífìlà débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ máa lọ ilé. Ó gbìyànjú láti dìde, àga náà lọ sílẹ̀ jù, kò sì lè fi ọwọ́ ti ara rẹ̀.

"Wá gbé mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àbúrò rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ lókè, ó wo akọ̀wé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé yín."

"Mo ní wá gbé mi."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó lọ gbé e. Akọ̀wé sì kọ òdo síwájú orúkọ Àwòṣífìlà.