Abẹ́rẹ́-Wọlé-Ìrora-Jáde

Bí ìgbéraga bá jẹ́ ẹ̀wù, ti Dókítà Theophilus ì bá máa wọ́ nílẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Odogbolu. Oṣù mẹ́ta péré ló lò ní Ṣáínà ní ọdún 1984. Ẹni tó lọ sóko lẹ́ẹ̀kan ló ń pe orúkọ gbogbo igi: ó kó abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gún mọ́ ara láìsí oògùn nínú rẹ̀ bọ̀, ó sì fún ara rẹ̀ lóríkì, Abẹ́rẹ́-wọlé-ìrora-jáde.

"Ènìyàn ni o, ẹran ni o," ló máa ń wí, "bí mo bá ti gún un, ẹ gé e bí iṣu, kò ní mọ̀. Dókítà ọ̀lẹ ló ń lo oògùn akunilóorun."

Sàúdátù tó ń ta àgbo ní Òkè-Ajé kò bá a jiyàn rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀. Matilda, dókítà ẹran, ní àfi kí òun la ikùn rẹ̀. Bó ṣe ń fa oògùn akunilóorun sínú síríńjì ni Theophilus dé, ayàwòrán lẹ́yìn rẹ̀, èrò lẹ́yìn ayàwòrán.

"Ẹ gbé ìyẹn kúrò! Abẹ́rẹ́ tèmi nìkan ti tó."

"Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ yín dára," ni Matilda wí. "Ó lè dín ìrora kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ oògùn ṣe."

"Ta ló lọ Ṣáínà nínú àwa méjèèjì?"

Èrò rẹ́rìn-ín. Sàúdátù wo ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń mí gúlegúle. Ó kúnlẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó gbé àgbo wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí oníbàárà tó mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ tiyín wò."

"Òdodo ọ̀rọ̀!" ni Kàmọ́rù alápatà ké. "Ẹ tọ́ ọ wò, sà!"

Ayàwòrán ti gbé kámẹ́rà sójú. Kí ni Theophilus yóò ṣe? Ó gún abẹ́rẹ́ mẹ́fà sí apá ara rẹ̀, ó nà án, ó sì dijú.

"Ẹ gé e. Ó ti kú bí igi."

Matilda mú ọ̀bẹ. Ó yí i padà, ó fi èkù rẹ̀ kan apá náà fẹ́rẹ́.

"Yéè! Ó ti gé mi dé eegun! Oògùn akunilóorun dà? Ẹ fún mi kíá!"

"Èkù ọ̀bẹ ni, sà," ni Matilda wí. "Oògùn yìí, ti ewúrẹ́ ni."

Kò dúró gbọ́ ẹ̀rín. Ó kun ẹran náà lóorun, ó là á, ó gbé ọmọ méjì jáde láàyè. Sàúdátù ń fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀.

Theophilus ń fa abẹ́rẹ́ apá rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe "yéè" lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe gba títì lọ, tọmọdé tàgbà ń tẹríba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

"Dókítà, ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ o!"