Àwẹ̀ró Ọlọ́ṣẹ àti Ògiri Bàbá Kúforíjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Ìlú Òkè-Ìrókò ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró ọlọ́ṣẹ ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Àwẹ̀ró mọ ọṣẹ dúdú sè. Bí ìyàwó tuntun bá fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀, ọkọ á gbàgbé pé òun ń lọ sóko. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò ṣe é sè láìsí eérú. Èèpo kòkó ló máa ń sun, á fi omi sẹ́ eérú rẹ̀, omi yẹn ni yóò fi se ọṣẹ, eérú tó bá ṣẹ́ kù á wá di ohun à-dà-nù.

Níbo ni ká dà á sí? Nígbà náà, àwọn wolé-wolé wà ní Òkè-Ìrókò, àwọn aláṣọ kakí tó ń yẹ ojúlé wò. Wọn á yọjú sínú ìkòkò omi bóyá ẹ̀fọn ti sá pamọ́ síbẹ̀, wọn á wo ẹ̀yìnkùlé bóyá igbó ti hù, wọn á fi ọ̀pá ti ògiri wò bóyá ó ń mì. Òfin wọn kò gùn: ilé tí a bá ti bá ìdọ̀tí, onílé ló ni ín. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò gbálẹ̀ ọjà lójú tọmọdé tàgbà. Ní ti eérú, ààtàn tó wà lódìkejì odò ni kí wọ́n rù ú lọ.

Òdìkejì odò jìnnà. Ògiri Bàbá Kúforíjì sì wà nítòsí.

Bàbá Kúforíjì ni aládùúgbò Àwẹ̀ró, àgbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń dá gbé inú ilé amọ̀ kan tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún bàbá ọkọ Àwẹ̀ró. Bó bá ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, á já ìtí igi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró, á ní, “Ìyàwó, igi ọṣẹ rè é o.” Kò gba nǹkan kan rí ju ọṣẹ bíńtín tó fi ń fọ ẹsẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀yìn ń dun Àwẹ̀ró, ó gbé agbọ̀n eérú, ó wo ọ̀nà odò, ó wo ògiri bàbá. Ó ní, “Agbọ̀n kan péré. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ.” Ó dà á síbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn kò dùn ún mọ́, síbẹ̀ ó ń dà á.

Àwọn wolé-wolé dé. Ọ̀gá wọn, Adégbìtẹ́, fi ọ̀pá gún òkìtì náà.

“Bàbá, eérú ta nìyí?”

Bàbá Kúforíjì wo eérú, ó wo ilé Àwẹ̀ró, ó wá wolẹ̀. “Ẹ̀yìn ilé mi ló wà, ọ̀gá.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ dà á ni?”

“Ẹ̀yìn ilé mi náà ló wà.”

Àwẹ̀ró ń ro ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ ọjà, bàbá arúgbó mú ìgbálẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣàánú. Ó gbálẹ̀ títí ó fi dé ìsọ̀ Àwẹ̀ró, ó dúró, ó ní, “Gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ìyàwó.”

Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀. Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ó ní òun ì bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ lásán ló gbé.

Kò pẹ́ tí bàbá fi ti ilẹ̀kùn, ó kó lọ sí àbà. Kò sí ẹni tó ń já igi sílẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró kò kúkú yé da eérú síbẹ̀, òkìtì ń ga sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ògiri.

Ìgbà ọyẹ́ dé. Adégbìtẹ́ ní ògiri náà yóò pa èèyàn, àfi kí wọ́n wó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wó o gan-an, àwọn oníbàárà ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Àwẹ̀ró ti to ọṣẹ sórí ẹní, ó ti wọ aṣọ funfun. Àwọn wolé-wolé fi igi ti ògiri. Ògiri kò ṣubú sínú ilé, orí òkìtì eérú ló ṣubú lé, gbì!

Háà! Eérú gbéra nílẹ̀. Ó fò sókè, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà, ọyẹ́ fẹ́, ó kọrí sílé Àwẹ̀ró. Ó bo ọṣẹ, ó bo ìkòkò ọbẹ̀. Àwẹ̀ró sá wọ yàrá, eérú gba ojú fèrèsé wọlé bá a. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, afẹ́fẹ́ yí padà, eérú pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá kù gìrì sọ́nà ọjà, tòun ti sísín, “Hàṣí! Hàṣí!” Eérú ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń kó o, ó tún ń dà á lé e lórí. Ajá ń gbó o. Àwọn aláta da aṣọ bo ọjà wọn, wọ́n ní, “Ìwọ iwin, má wọ ìsọ̀ wa!” Àwọn oníbàárà pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n ṣẹ́rí padà.

Adégbìtẹ́ lé e bá. Ó ní, “Ìyá, eérú yìí mọ̀ yín o! Ó mọ ilé, ó mọ yàrá.”

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Èmi ni mo dà á, ọ̀gá. Hàṣí! Bàbá kò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

Kò dúró kí wọ́n dájọ́. Ó gba ìgbálẹ̀, ó gbá ọjà náà tán, ó sì mú ọ̀nà àbà pọ̀n. Nígbà tí Bàbá Kúforíjì rí nǹkan funfun tó ń bọ̀ láàárín ebè, ó gbé àdá.

“Èèyàn tàbí iwin?”

“Hàṣí! Èmi ni, Bàbá. Àwẹ̀ró ni.” Ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ń da eérú yẹn.”

Bàbá gbé àdá sílẹ̀. “Mo mọ̀. Ta ló tún ń se ọṣẹ ládùúgbò?”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?”

“Mo rò pé ìwọ lo máa sọ ọ́.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Omijé gba àárín eérú kọjá lójú rẹ̀, ó wá dà bí ẹni tó kọlà. Bàbá fẹ́ le ojú mọ́ ọn, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bu omi fún un, ó ní òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé, bàbá mi orí. “Ilé wo, ìyàwó? Wọ́n ti wó o.”

Àwẹ̀ró nìkan padà wálé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru eérú àti àlàpà náà lọ sódìkejì odò, agbọ̀n lẹ́yìn agbọ̀n. Bó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ á ti ibẹ̀ fẹ́. Bó bá fẹ̀yìn rìn, á gba ẹ̀yìn fẹ́. Kò sí ìgbà tí ó da agbọ̀n náà tí kì í tún ru ìlàjì rẹ̀ padà wálé lórí, létí, nínú imú. Àwọn ará ìlú á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn á mi orí, wọn á ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.”