Ehoro Inú Igbó Ryabov

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan nílé iṣẹ́ wa létí odò Volga tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà rẹ̀, Innokenti Lukich Ryabov nìyẹn, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ, ẹni tá a sọ lórúkọ àdàpè ní Ọpọlọ-mi-ò-yá-tẹnìkan-lò. Òun ló ní òun dá ẹ̀rọ ìṣeré "Ọdẹ Igbó" sílẹ̀. Ẹ ó ju owó ẹyọ kópẹ́ẹ̀kì sínú rẹ̀, ẹ ó gbé ìbọn, ẹ ó máa yìnbọn sí àwọn ẹranko oníná tó ń sá kọjá láàárín igi.

"Igbó abúlé bàbá mi ni," ló máa ń wí. "Mi ò fojú kan ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè rí láyé mi."

Àwa tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní ká tú ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè kan palẹ̀ nínú yàrá àtìpa á kàn máa wolẹ̀. Ó ní ká ṣe tiwa bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ká má yí ìṣó kan padà, torí ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lùwé ọ́fíìsì méje. Ta ló láyè ìyẹn?

À bá kàn máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta kan ṣoṣo ni ìjọba fún ilé iṣẹ́ wa lọ́dún náà láti fún òṣìṣẹ́ tó bá kàn. Zinaida ló kàn, ayàwòrán tí òun, ọkọ, ìyá ọkọ àti ìbejì jọ ń gbé yàrá kan. Ryabov nílé tirẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n fi ilé tuntun náà dá òun lọ́lá torí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gbà. Inú bí mi gan-an.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí gbọ̀ngàn, ibẹ̀ sì kún fọ́fọ́. Ryabov yìnbọn títí, ìkookò kan ṣoṣo ló bà.

"Mo fẹ́ fàyè sílẹ̀ fáwọn àlejò ni," ló wí.

Glafira Savelyevna, ìyá àgbà kan láàárín àwọn àlejò, tó jagun nígbà èwe rẹ̀, gba ìbọn. Kò tàsé rárá. Ẹ̀rọ dún, ẹranko kan sì fò jáde, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá pa gbogbo yòókù nìkan ló ń rí i. Kangarúù ni, ẹranko ilẹ̀ òkèèrè tí kò sí nígbó wa rárá, ọmọ rẹ̀ ń yọjú nínú àpò ikùn.

Àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá ò mọ̀, torí kò borí ẹ̀rọ "rẹ̀" rí.

"Innokenti Lukich, ọmọ mi," ìyá àgbà ní, "kí lẹ ń pe eléyìí lábúlé yín?"

"Ehoro ni, ìyá."

"Ehoro? Tó ga tó yìí?"

"Koríko ibẹ̀ dáa gan-an ni."

"Ta wá lẹni tó ń yọjú níkùn rẹ̀ yìí?"

"Ehoro kékeré."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo Ryabov, ló bá figbe ta: "Ẹ má wo èmi! Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀! Bó ṣe wà nínú tiwọn ni mo ní kí wọ́n ṣe é!"



"Tiwọn?" aṣojú ìjọba tó ti Mọ́síkò wá béèrè. "Àwọn wo nìyẹn?"

Aṣojú náà mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì.

"Ta ló kàn fún ilé yìí?"

"Èmi ni," Zinaida dáhùn, ó sì bọ́ síwájú.

Ryabov ṣì na ọwọ́ síwájú nígbà tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ náà kọjá lára rẹ̀.