Àwòrán Inú Ilé Bàbá Rébékà

Ọjọ́ tí Bàbá Rébékà ṣílé ò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní, bẹ́ẹ̀ àdúrà lásán ni wọ́n pè mí sí.

Ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni aládùúgbò mi yìí kọ́lé sí ní Kétu. Ó mú ayàwòrán kan wá láti Kútọnu pé kó ya àwòrán sí ògiri yàrá àlejò. Mo ní kò kàn mí. Irọ́ ni. Bí mo bá ti toko àgbàdo dé, màá da odó ìyàwó mi dojú dé, màá gùn ún, màá na ọrùn lórí ọgbà wo fèrèsé wọn. Lọ́jọ́ kan odó yí, mo bá balẹ̀ sáàárín ẹ̀gẹ́ tí a sá. Mo ní ewúrẹ́ ni mò ń lé.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Pásítọ̀ jókòó níwájú. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi mí ṣe alàgbà, mo sì fẹ́ kó rí i pé mo tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ká aṣọ kúrò lójú àwòrán. Bàbá Rébékà ló nà gbalaja lórí àga, tó ń mu omi àgbọn létí adágún ìwẹ̀, nílùú tí a ti ń to kòróbá nídìí pọ́ǹpù! Ọkùnrin kan sì yọrí lókè ọgbà, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sómi.

Mo ní Ọlọ́run ti fún mi níwàásù. Mo nàka sí i. “Ará, ẹ wo olójúkòkòrò! Ẹ wo bí ìlara ṣe fa ọrùn èèyàn bíi ti lékeléke!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ wọ́n lára, mo bá fi kún un. Ìyàwó mi fa aṣọ mi.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó.”

“Jẹ́ kí Ẹ̀mí ṣiṣẹ́!”

Ó sún mọ́ etí mi. “Fìlà orí ẹni yẹn, èmi ni mo hun ún. Òun náà lẹ dé yìí.”

Mo gbójú sókè. Fìlà mi. Imú mi. Mo mọ̀ pé oyè alàgbà ti lọ nìyẹn.

Bàbá Rébékà dì mọ́ mi. “Àbúrò, èmi ni mo ní kó yà ọ́ síbẹ̀. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé yìí, orí ọgbà nìkan ni mo ti ń rí ọ. O ò gba ẹnu ọ̀nà wá kí mi mọ́.”

Pásítọ̀ ló nu ojú rẹ̀. “Ìwàásù yẹn dáa. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú kí n tó gbé ọwọ́ lé yín lórí. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni náà o.”

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo dárúkọ ara mi, mo sì di alàgbà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń fi ẹ̀rín bá ọmọ rẹ̀ wí. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni mò ń gbà wọlé Bàbá Rébékà, a sì jọ ń jẹun. Bí àlejò bá dé, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á wò mí, wọ́n á máa húkọ́ tí kò sí. Kí wọ́n má bàa fún ara wọn pa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.