Ohùn Obìnrin Inú Mọ́tò Bàbá Ládèjọbí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé ojú lọ̀rọ̀ wà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti wá. Àwọn kan á sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó ṣe mọ́tò sáyé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí dáadáa. Bàbá Ládèjọbí ni, káfíńtà àtijọ́ tó ṣe ìlẹ̀kùn ilé wa. Títí dòní, ìlẹ̀kùn ọ̀hún kò ṣeé tì àfi tí èèyàn bá fi èjìká tì í, ṣùgbọ́n èèyàn rere ni bàbá.

Bàbá yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo. Ìyá Ìrágbìjí ni gbogbo ilé ń pè é, torí ibẹ̀ ló lọ́kọ sí. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ìkìrun sí Ìrágbìjí kò sì jìnnà. O lè gbé ẹ̀wà kaná ní Ìkìrun, kó o lọ kí ará Ìrágbìjí, kó o padà dé kó tó jinná. Síbẹ̀, odidi ọdún mẹ́ta ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ló fà á? Ìyá ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kán, gbogbo ayé wá kí i pé ó kú ewu, àbúrò rẹ̀ kò wá. Ara òun náà ò yá nígbà yẹn, kò tètè gbọ́. Nígbà tó sì gbọ́, oṣù méjì ti kọjá, ìtìjú wá mú un. Ó ní, ojú wo lòun fẹ́ fi wò ó. Ní oṣù kẹta, ìtìjú náà tún pọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkíni tí èèyàn ò kí lásìkò, ṣe ló máa ń sanra sí i.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé góńgó ni pé ọmọ Ìyá fẹ́ mú un lọ sí Kánádà, kó lọ máa gbé ibẹ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan báyìí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni mọ́tò máa gbé e lọ sí Èkó. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Bàbá ti lé ní àádọ́rin. Bí wọn ò bá parí ìjà yìí kí aago mẹ́rin tó lù, ó lè jẹ́ ọ̀run ni wọ́n ti máa parí ẹ̀. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni kò ti lè jẹun.

Ìbídùn, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wọlé tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sí Ìrágbìjí, sà."

"Èmi? Kí wọ́n lé mi jáde lójú gbogbo àdúgbò? Rárá o, ìyàwó mi. Fóònù ni màá fi bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá máa bú mi, kó jẹ́ inú etí mi nìkan ni wọ́n ti máa bú mi."

"Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ ká kúkú jókòó sínú mọ́tò, ká máa rìn yí ìlú ká kára yín lè balẹ̀. Mọ́tò náà á bá yín pè wọ́n."

Mọ́tò ọ̀hún, Fìjàbí ọmọ Bàbá ló rà á fún ìdílé rẹ̀. Ó gba bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àti àpò ìrẹsì kan lẹ́yìn. Kì í ṣe mọ́tò olówó gọbọi, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní kó kọrin, á gbé orin sí i. Bí o bá ní kó pe ẹnì kan lórí fóònù, á pè é, ọwọ́ rẹ ò sì ní kúrò lórí sítíárìn. Fìjàbí tún ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ́ ọ ní Yorùbá. Ọ̀rẹ́ náà kọ́ ọ ní Yorùbá lóòótọ́, àmọ́ kò kọ́ ọ ní ìwà ọmọlúàbí.

Wọ́n gbéra ní aago mẹ́ta. Ìbídùn so fóònù Bàbá mọ́ mọ́tò, ó tẹ bọ́tìnnì kan.

"Kí ni o fẹ́?" ni obìnrin inú mọ́tò wí.

Bàbá wo ẹ̀yìn. Ó wo abẹ́ àga. "Ta ló ń sọ 'o' sí? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni. Ẹ ṣáà sọ tẹnu yín."

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín nípa Bàbá Ládèjọbí. Kò sí bí inú ṣe lè bí i tó, kò ní rán ẹni tí kò tíì kí níṣẹ́. Ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. "Ẹ káàsán o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Ọ̀nà wa yìí ò dáa, ẹ kú ìfaradà. Àwọn òbí yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"N kò gbọ́. Tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó tiẹ̀ fi ẹ kú ooru kún un. Kó tó dé orí iṣẹ́ tó fẹ́ rán an, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni èyí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan, aago mẹ́ta sì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Bàbá, ẹ fi ìkíni sílẹ̀. Ẹ dárúkọ wọn ní tààrà."

"Kí n dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi? Kí n la ẹnu mi báyìí, kí n dárúkọ ẹni tó pọ̀n mí? Ìwọ náà dárúkọ wọn!"

"Háà, Bàbá! Èmi ìyàwó ilé? Kí n dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi?"

Ṣé ẹ rí nǹkan? Èèyàn méjì ló wà nínú mọ́tò, orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń bèèrè, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ gbà á nínú àwọn méjèèjì. Orúkọ Ìyá wà nínú fóònù náà o. Nígbà tí Bàbá ra fóònù, ó kọ orúkọ ọ̀hún sórí ìwé fún ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó ní ọwọ́ lè kọ orúkọ àgbà, ẹnu ni kò gbọdọ̀ pè é.

Bàbá ronú títí. Ó fi ẹnu sún mọ́ iwájú mọ́tò. "Ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n."

"Mo ń pe Ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà dáhùn kíá.

Inú Bàbá dùn. Fóònù dún, ẹnì kan gbé e, Bàbá ò jẹ́ kí onítọ̀hún mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú! Ọdún mẹ́ta! Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí!"

Ohùn ọkùnrin ló wá jáde. "Ládèjọbí, ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ níbo ni àkàbà mi wà?"

Alága ẹgbẹ́ káfíńtà ni. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Bàbá ti yá àkàbà rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ti gbàgbé pátápátá. Ó ní láti ṣèlérí pé òun á gbé e wá lọ́la kí alága tó jẹ́ kó sinmi. Ìbídùn ń wo ọ̀nà, ó ń gé ètè jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n yẹn!" Bàbá pariwo mọ́ ẹ̀rọ. "Ìyá Ìrágbìjí ni mò ń sọ! Ìrágbìjí!"

"Ṣé o fẹ́ lọ sí Ìrágbìjí?"

"Ìrágbìjí ni mo ní!"

"Ó dára. Yà sí ọwọ́ ọ̀tún."

Ìbídùn sì yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ má bi mí bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyàwó tó gbọ́n kì í bá bàbá ọkọ rẹ̀ jiyàn, pàápàá tí ẹ̀rọ bá wà tó lè jiyàn náà dípò rẹ̀. Nígbà tí Bàbá rí i pé àwọn ti ń jáde nílùú, tó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, Ìbídùn ní, "Obìnrin yẹn ló ní ká yà, sà. Mi ò fẹ́ rí i fín."

Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù. Bàbá rí i pé kò sí ọ̀nà míì mọ́. Ó ṣí fìlà. Ó bọ́ bàtà. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí àga, bẹ́líìtì fà á padà, torí náà ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. "Bàbá mi tó wà lọ́run," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibòmíràn." Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Rẹ̀bẹ́kà."

Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ti ń pe Ìyá o, àmọ́ nẹ́tíwọọ̀kì ọ̀nà yẹn kì í tètè gbé nǹkan. Bàbá rò pé kò gbọ́ òun ni. Níwọ̀n ìgbà tó sì ti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó pinnu pé kí òun kúkú dá a tán. Ó figbe ta.

"Rẹ̀bẹ́kà! Rẹ̀bẹ́kà! Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Ta nìyẹn?"

Ohùn Ìyá ló kún inú mọ́tò, ó ń ti inú sípíkà iwájú àti tẹ̀yìn jáde. Ohùn tí Bàbá ò gbọ́ fún ọdún mẹ́ta. Omi lé sí i lójú. Ṣùgbọ́n Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, oríkì Bàbá ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Àdìgún! Ṣé ìwọ lò ń pè mí ní Rẹ̀bẹ́kà? Èmi tí mo fi ọwọ́ yìí nùdí fún ọ? Ọwọ́ mi kán, o ò kí mi kú ewu. Ó wá di pé kó o máa pè mí lórúkọ bí ọmọ tó o bí, kó o tún máa bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú! Kì í ṣe ẹjọ́ mi! Obìnrin tó wà nínú mọ́tò yìí ló ní àfi kí n dárúkọ yín!"

"Obìnrin wo?"

"N kò gbọ́," ni obìnrin inú mọ́tò wí. "Tún un sọ."

"Háà! Mo gbọ́ ohùn ẹ̀! Ó tún ní kó o tún un sọ! Àdìgún, lọ́jọ́ ogbó rẹ, o lọ gbé ìyàwó tuntun, òun ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bú ẹ̀gbọ́n!"

Ìbídùn na ọwọ́ kó pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́. Bọ́tìnnì mìíràn ló tẹ̀. Orin ijó bú jáde, ó ń mi gíláàsì fèrèsé.

"Wọ́n tún ń jó!" ni Ìyá wí. "Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán, wọ́n tún ń jó sí i!" Ó pa fóònù.

Orin ṣì ń lọ, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ìbànújẹ́ Bàbá pọ̀ débi pé kò lè bínú. "Ìyàwó mi," ó ní, "ó ti parí. Yí mọ́tò padà."

Kí Ìbídùn tó dáhùn, obìnrin inú mọ́tò ti dáhùn. "O ti dé Ìrágbìjí."

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù. Ìyá wà níwájú ilé rẹ̀, ẹrù ti wà nínú mọ́tò, awakọ̀ ti ṣíná. Kóòtù òtútù tó nípọn ni Ìyá wọ̀ nínú oòrùn yẹn, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé òtútù Kánádà ò mọ àgbà, Ìyá ò sì rí ìdí tó fi yẹ kóun dúró dìgbà tóun bá débẹ̀ kóun tó wọ kóòtù. Òógùn ń dà lára rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ, torí ó ti ròyìn ìyàwó tuntun fún gbogbo wọn. Bó ṣe rí Bàbá tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ká apá kóòtù sókè.

Bàbá dúró láìsí fìlà, láìsí bàtà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti òwúrọ̀ ti fò lọ. Ìyá la ẹnu, èébú ti wà létè tán. Ló bá wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó rí i pé ó ti rù. Ó rí irun orí rẹ̀ tó ti funfun tán, tí kò mọ ìgbà tó funfun. Ó rí ibi tó wú níwájú orí rẹ̀, níbi tó ti gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé kò nà tán mọ́ bíi tàtijọ́, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn gbígbóná. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá pa ẹnu dé, ó fi ọwọ́ tó kán yẹn fà á dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyanrìn kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ó bi í.

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀." Ó ní kí awakọ̀ pa mọ́tò. Awakọ̀ ní ọkọ̀ òfuurufú ò ní dúró dè wọ́n o. Ìyá ní kó lọ jókòó, pé kò sí ọkọ̀ tó lè fò tí òun ò bá tíì wọ̀ ọ́. Ó tú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n dì fún un jẹ lójú ọ̀nà, ó fi gbogbo rẹ̀ bọ́ Bàbá tán, àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ló wá rántí. "Ìyàwó tuntun ọ̀hún dà?"

Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ìyá lọ ki orí bọ inú mọ́tò, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé ẹní ẹsẹ̀ sókè.

"Ẹ̀rọ ni, mà," ni Ìbídùn wí. "Kò lójú."

"Kò lójú!" Ìyá yíjú sí gbogbo àdúgbò. "Ohun tí kò lójú lẹ gbé ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi lé lọ́wọ́! Ìjà ọdún mẹ́ta, díẹ̀ ló kù kó sọ ọ́ di títí ayé. Gbogbo èébú tó wà nínú mi, mo kàn wo ojú Àdìgún báyìí, mi ò rí ọ̀kankan bú mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ mú un lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo Ìkìrun ti ń sọ ọ́, kálukú sì ń purọ́ pé bàbá òun ló ni ín. Ẹ ti wá mọ ẹni tó ni ín báyìí. Ẹnu káfíńtà ba nǹkan jẹ́, ẹnu mọ́tò ba tiẹ̀ jẹ́ lé e, ọkùnrin kan wá dọ̀bálẹ̀ láìfọhùn nínú iyanrìn, gbogbo rẹ̀ sì tún ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà.