Ìkòkò Ìyá Maeng Tó Di Gbohùngbohùn

Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ tó balẹ̀ síwájú Baálẹ̀ Tak ní abúlé Seokgol lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá àgbà Maeng ló pẹjọ́. Ó há ọmọrí ìkòkò mọ́ abíyá, ó wọ gbọ̀ngàn abúlé, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀ àtàwọn àgbà.

"Baálẹ̀, ìkòkò mi ló ń sọ̀rọ̀ lórí igi yẹn."

"Ìkòkò wo, Màmá?"

"Ìkòkò alumíní tí èmi àti olóògbé ọkọ mi fi ń se núdù ramyeon. Òun á jẹ nínú ìkòkò, èmi á jẹ lórí ọmọrí. Ọmọrí rèé. Deok-su ti yọ́ ìyókù, ó fi ṣe gbohùngbohùn abúlé. Láàárọ̀ àná, ìkòkò ọkọ mi lẹ fi kéde pé ìgbẹ́ màlúù ti dé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi wúkọ́ bò ó, torí òun gan-an ló ṣe ìkéde ọ̀hún.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Deok-su, sọ tẹnu ẹ."

Deok-su, tó ń ṣe gbohùngbohùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn, dìde, ó ṣí fìlà.

"Baálẹ̀, mi ò jalè. Ọjọ́ tí à ń to pàǹtí sọ́tọ̀ ni, orí òkìtì agolo ni mo ti rí i. Ẹ mọ òfin wa: ohun tó bá ti dórí òkìtì ti di ti abúlé."

"O ò lè béèrè?" ni Ìyá Maeng wí.

"Ta ni kí n bi, Màmá? Ìkòkò? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná, ìkòkò yín ò kú. Alumíní kì í kú. Ẹ yọ́ ọ lónìí, ẹ yọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀, bó ṣe wà ló máa wà. Iná tí mo fi yọ́ ọ ò tó ìdá kan nínú ogún iná tí wọ́n fi ń yọ tuntun látinú erùpẹ̀. Mi ò gbẹ́ òkè ẹnikẹ́ni, mi ò ba odò ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé gbohùngbohùn onírin àtijọ́ ni? Ó wúwo débi pé ó fa ẹ̀ka igi ya, díẹ̀ ló kù ká gé igi náà ká ri òpó símẹ́ǹtì. Tuntun yìí, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e gun àkàbà. Igi wà níbẹ̀, ó ń so. Ìgbéga ni ìkòkò yín gbà, ó yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Màá fi ọmọrí yìí dúpẹ́ sí ẹ lórí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Deok-su, Man-sik tó ń wa katakata.

"Mo fojú ara mi rí i, Baálẹ̀. Abẹ́ agolo bíà ló wà, ó ti dípẹtà."

"Alumíní kì í dípẹtà," ni Deok-su wí. Ó gbàgbé pé ẹlẹ́rìí òun ni.

"Ìgbà wo lo rí i?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Láàárọ̀ ọjọ́ náà."

"Ṣé kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà lo lọ yọ eyín nílùú?"

Man-sik fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ìyàwó mi ló rí i. Ó júwe ẹ̀ fún mi dáadáa."

Ó kan Chun-ja, aládùúgbò Ìyá Maeng, tí wọ́n jọ ń ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ aláta tí wọ́n ń rẹ kó kan, lọ́dọọdún.

"Irọ́ ni Man-sik ń pa. Orí ògiri tó wà láàárín ilé wa ni ìkòkò wà, Màmá dojú ẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ. Mo mọ̀, torí èmi ni mo gbé e kúrò."

Baálẹ̀ yíjú sí i.

"O gbé e síbo?"

"Baálẹ̀, àsìkò tí gbogbo wa ń sá ata ni. Ata mi ń fẹ́ oòrùn. Mo kàn rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì."

"Ẹ̀gbẹ́ àbí orí?"

"Orí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," ni àgbà kan wí, kò parí ẹ̀.

Ìyá Maeng kò bú Chun-ja. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju kó bú èèyàn lọ. "Mo lè ra ìkòkò míì," ló wí. "Àmọ́ tí mo bá fi ìyẹn se oúnjẹ, kì í ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo jókòó."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ kọjú sí Deok-su.

"O ní alumíní kì í kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

"O ní iná díẹ̀ ló ń fẹ́?"

"Díẹ̀ báyìí ni."

"Ó dáa. Yọ́ ọ padà di ìkòkò."

Ojú Deok-su ṣú. "Baálẹ̀, ó ti pò mọ́ agolo gbogbo abúlé. Mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti Màmá níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ ni kó o yọ́ nígbà yẹn. Ìkòkò kan ṣoṣo ni kó o fi ṣe."

"Á tóbi ju ọpọ́n ìwẹ̀ lọ."

"Kó tóbi. Títí wàá fi kó agolo míì jọ, ìwọ ni gbohùngbohùn wa. Láràárọ̀ ni wàá máa gun orí igi lọ pariwo. Ìwọ náà fúyẹ́, ẹ̀ka ò ní ya. Chun-ja, ata tó gbẹ lórí ògiri yẹn, ti Ìyá Maeng ni."

"Baálẹ̀," ni Ìyá Maeng wí, "ta ni mo fẹ́ máa fi ìkòkò tó tó yẹn se ramyeon fún?"

Baálẹ̀ wo gbogbo ilé yí ká. "Ẹnikẹ́ni tó bá ti rẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngàn yìí lónìí, dandan ni kó wá bá yín jẹun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kó sì fọ abọ́ kó tó lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ohùn Deok-su ti ha pátápátá lórí igi. "Ìyá Maeng ní ramyeon ti ń wú o, ẹ tètè máa bọ̀." Gbogbo abúlé ló wá. Abọ́ Ìyá Maeng kò kárí, ló bá rán Chun-ja lọ sílé pé kó kó tiẹ̀ wá.